Ohùn tí ẹ gbọ́ lórí fóònù, ohùn fóònù yín ni

Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ní kí n má dárúkọ àwọn. Wọ́n ti dá owó jọ láti ra báfù tí gbogbo agbo á máa fi gbọ́ ètò, torí pé rédíò kékeré tí wọ́n ń lò, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ wọn kan ní Kùtọnu ti lọ sí Dantokpa. Ó ya fọ́tò báfù mẹ́ta ránṣẹ́, ó sì gba ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí WhatsApp. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ wa, èwo ni ká rà?"

Ẹ̀yin òbí mi, mi ò ní mú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ẹ máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju báfù náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wá ẹni tó máa gbà kí ẹ gbé e dé abúlé, kí ẹ fi ọjọ́ 7 gbọ́ ọ, kó sì gbà á padà tí kò bá ṣe dáadáa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ní ọjà Kétu tàbí Pọbẹ́, tó sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tàbí mẹ́rin fráǹkì wọ́n ju ti Kùtọnu lọ, ẹ ra tiẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ ó tún bá a níjokòó níbẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò fi gba ti WhatsApp gbọ́? Ohùn tí ẹ gbọ́ yẹn, fóònù ọmọ yín ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. WhatsApp wá fún un pọ̀ kó lè rin ojú íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, fóònù tiyín ló fi ẹnu tín-ín-rín tirẹ̀ sọ ọ́ jáde. Báfù ì báà lù kìkì bí ìyá ìlù, fóònù kò lè gbé e. Ká tiẹ̀ ní ìpè lásán ni: etí tó dá ṣáṣá lè gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 dé ìgbà 20 000 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìpè fóònù ti àtijọ́ kì í gbé ju láti 300 dé nǹkan bí 3 400 lọ. Báfù mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn gbà jáde sí yín létí.

Ẹni tó bá sì lọ sí ọjà gan-an ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ Dantokpa. Zémìjáàn ń fọn fèrè, ṣọ́ọ̀bù yìí ń kọrin, tọ̀hún ń kọrin lé e lórí. Níbi ariwo bẹ́ẹ̀, èyí tó bá pariwo jù ni etí máa ń rò pé ó dára jù. Àwọn tó ń tà á mọ èyí ju wa lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti wáàtì. Ẹ ó rí i lára páálí: 5000 W PMPO, gàdàgbà! Kò sí òdiwọ̀n kan tí àwọn tó ń ṣe báfù fẹnu kò lé lórí fún PMPO yìí. Iye tó bá wu kálukú ló ń kọ. RMS ni kí ẹ bèèrè. Bí òǹtajà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì. Ká ní 3,7 V ni, àti 4000 mAh. Ẹ fi 4 sọ 3,7 di púpọ̀, ó di nǹkan bí 15. Ìyẹn ni pé iná inú rẹ̀ lè gbé wáàtì 15 fún wákàtí kan. Tó bá ń jẹ wáàtì 5000 lóòótọ́, iná ọ̀hún á tán kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 11! Ọmọ ilé ìwé tó ti mọ ìsọdipúpọ̀ lè bá yín ṣe é. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, níwájú ọgbọ̀n èèyàn nínú àgbàlá, wáàtì 10 tòótọ́ tó.

Àwọn "venue de France" náà ń dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò, torí fóòmù etí rẹ̀ máa ń jẹrà tó bá ti gbó. Ẹ tún bèèrè bóyá ó nílò anplí. Níbi tí iná ìjọba kò dé, anplí kò wúlò.

Nígbà tí báfù bá wá dé ọwọ́ yín, ẹ má fi orin dán an wò o. Orin máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́, dikité ni mo gbà níyànjú. Kí ẹnì kan ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí fóònù, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí báfù wá sọ ọ́ jáde: fá, sá, ṣá, fún, sún, fọ́, ṣọ́. Kí ẹni tó jókòó jìnnà jù, tí kò rí ìwé, máa pe ohun tó gbọ́ padà. Báfù tí kò dára á gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa dáadáa, ṣùgbọ́n á da f, s àti ṣ pọ̀. Ẹ rò ó wò: nọ́ọ̀sì ní "ẹ fún ọmọ náà", ìyá tó wà lẹ́yìn gbọ́ "ẹ sún ọmọ náà". Ẹ fi nọ́ńbà kún un pẹ̀lú. Bí a bá ń sọ nípa ìgbẹ́ gbuuru, a máa ń sọ pé inú omi lítà kan ni ká po àpò ORS sí, àti pé ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ á fi lo sínkì. Bí ẹni ẹ̀yìn kò bá lè pe nọ́ńbà wọ̀nyẹn padà bí ó ṣe rí, ẹ dá báfù padà, bó ti wù kó máa tàn yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ tó.

Ẹ kọ àdéhùn ọjọ́ 7 yẹn sórí ìwé rìsíìtì, kí òǹtajà fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní ìtìjú ni, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ló ń tà á. Owó àjọ ni owó yìí, owó ìyá eléwùrà wà níbẹ̀, owó aláta wà níbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kò dí ìwé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ etí kù díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ohùn tó bá tó 80 dB, èèyàn lè fi wákàtí 40 gbọ́ ọ lọ́sẹ̀. Tó bá di 90 dB, wákàtí 4 péré ni. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́ yín, ohùn náà ti pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó síwájú ẹnu báfù.

Ẹ gbé e sórí tábìlì, kó ga tó orí ẹni tó jókòó. Ẹ má fi sí igun ilé, torí igun máa ń mú kó hó bùù. Páálí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi í dáná. Ó di ọjọ́ kẹjọ.