Ìbò Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan kò gbé ẹnikẹ́ni dé Àjàṣẹ́

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2026, a dìbò yan aṣòfin 109 ní orílẹ̀-èdè wa. Ṣábẹ̀ẹ́, Glazoué àti Ouèssè jọ wà ní ẹkùn ìdìbò kẹwàá. Ẹgbẹ́ alátakò, Les Démocrates, fa olùdíje kalẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wọlé.

Kí ló fà á? Òfin ìdìbò ọdún 2024 sọ pé ẹgbẹ́ tí ó bá dá dúró gbọ́dọ̀ rí ìbò 20 nínú 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹkùn 24. Bí ẹkùn kan ṣoṣo bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà, bí gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ tilẹ̀ fẹ́ olùdíje kan, ìbò ibòmíràn lè dá a dúró. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Les Démocrates rí nǹkan bí ìbò 16 nínú 100 káàkiri orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọn kò ní aṣòfin kankan. Ní ọdún 2023, wọ́n ní 28. Union Progressiste le Renouveau gba ìjókòó 60, Bloc Républicain gba 49.

Àwọn tí ó fara mọ́ òfin náà ní kò yẹ kí ẹgbẹ́ jẹ́ ti agbègbè kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹnu sọ fún àwọn tí ìbò wọn kò mú aṣòfin wá?