Fà Mu Yàtọ̀ sí Fà Mọ́ra: Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Èédú Kan

Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ èdè ṣì ń sọ pé èdè adúláwọ̀ kò lè gbé ìmọ̀ kẹ́místírì. Irọ́ ni. Èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, tí àwọn awakùsà sì fi ń gba wúrà jáde nínú omi sáyánáìdì, tó láti já irọ́ náà.

Ẹni tó bá tú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní òréfèé yóò pè é ní ‘èédú tí a mú ṣiṣẹ́’. Iṣẹ́ wo? Ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ara ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè gbòòrò ju 500 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ara ihò wọ̀nyí ni àwọ̀, òórùn tàbí wúrà ń lẹ̀ mọ́. Kànrìnkàn a máa fa omi mu. Èédú yìí ń fa ìdọ̀tí mọ́ra ni. Lẹ́tà kan péré ni Gẹ̀ẹ́sì fi pààlà sáàárín ìtumọ̀ méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Ọmọdé Yorùbá kò lè ṣi fà mu mú fún fà mọ́ra. Èédú afàmọ́ra ni orúkọ tó bá a mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé atúmọ̀ nìkan. Àwọn onímọ̀ ní Gánà ti kọ̀wé lórí bí èèpo ẹkùrọ́ ṣe ń di irú èédú yìí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń da èèpo ẹkùrọ́ nù ní Krofrom, ní Kumasi kan náà tí Yunifásítì Kwame Nkrumah wà, tó sì jẹ́ pé Twi nìkan ló gbọ́, kò lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlànà náà kò díjú. Wọn a fọ́ èèpo gbígbẹ wẹ́wẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì, wọn a dáná sí i nínú ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 450 sí 500 ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì, wọn a sì fọ̀ ọ́ títí ásíìdì yóò fi tán lára rẹ̀. Ibi fífọ̀ yìí ni ewu wà. Àwọn tó ń pè é ní ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ka owó ásíìdì àti omi ìfọ̀ mọ́ ọn, ẹni tí kò sì rí ìkìlọ̀ kà ní èdè rẹ̀ ni yóò da omi ásíìdì sí gọ́tà.

Eérú pẹ̀lú lè ṣe irú iṣẹ́ ásíìdì náà. Kàbọ́néètì pọ̀táṣíọ̀mù wà nínú omi eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó sì wà lára ohun tó ń la ihò sínú èédú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tirẹ̀ gbọ́dọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 800. Alata samina ni àwọn Akan ń pe ọṣẹ dúdú. Samina ni ọṣẹ. Alata ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ará ìhà Nàìjíríà. Ẹnu àwọn èèyàn ló gbé ìmọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn. Òfin ìjọba Busia ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀ Yorùbá kúrò ní Kumasi, ṣùgbọ́n ọṣẹ náà kò bá wọn lọ.

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé oyè wò ní Kumasi àti Ìbàdàn kò wá ní àwáwí kankan. Kí wọ́n bèèrè ìlànà àti ìkìlọ̀ ní Twi tàbí Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ kankan lórí èédú afàmọ́ra.