Ẹ Má Fọ́ Tẹlifíṣọ̀n Ẹlẹ́yìn Ńlá, Ìdajì Ìbọn Ni

Ẹni tó bá so Duck Hunt, géèmù ọdẹ tí iléeṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní ọdún 1984, mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó gbòde lónìí kò ní í rí pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo pa. Géèmù náà á ṣí, orin á dún, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á fò jáde látinú koríko, ajá ọdẹ á sì yọrí síta láti fi oníbọn rẹ́rìn-ín. Ìbọn ò bàjẹ́. Wáyà ò já. Ọwọ́ oníbọn ò gbọ̀n. Ohun tó fà á ni pé ìdajì ìbọn náà kò sí nílé mọ́, torí pé tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ti gbé fún àwọn akólẹ̀, ni ìdajì ọ̀hún.

Àwọn tó ń tọ́jú géèmù àtijọ́ kárí ayé ti ṣe bẹbẹ nínú ṣíṣe àdàkọ àwọn géèmù náà sórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kò tó. Bó bá di ti géèmù oníbọn, ẹni tó fi àdàkọ pamọ́ tó sì da tẹlifíṣọ̀n nù kò tíì fi géèmù kankan pamọ́. Àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, àwọn méjèèjì ló yẹ ká dáàbò bò nísinsìnyí tí wọn kò tíì tán nílẹ̀.

Ìran ìbọn yìí ti wà kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ilé àwọn èèyàn. Ní ọdún 1936, iléeṣẹ́ Seeburg nílùú Chicago, tí ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń kọrin bí wọ́n bá ti sọ owó sínú rẹ̀, gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń jẹ́ Ray-O-Lite. Pẹ́pẹ́yẹ ń kọjá nínú àpótí, ìbọn ọwọ́ oníbọn ń tan ìmọ́lẹ̀ tín-ínrín, ohun kékeré kan tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ sì wà lára pẹ́pẹ́yẹ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, iná mànàmáná á sáré lọ sọ fún ẹ̀rọ pé ìbọn ti ba ẹran. Kò sí ọta, kò sí ẹ̀tù, kò sì sẹ́ni tó lè farapa.

Nígbà tó yá, ojú kúrò lára ẹran, ó wá bọ́ sínú ìbọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń lo kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń jẹ́ Whirlwind ṣe ohun èlò kan tó rí bí ìbọn. Wọ́n á nà án sí ibi tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà, ìbọn á rí ìmọ́lẹ̀ náà, kọ̀ǹpútà á sì mọ ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ni wọ́n fẹ́ máa fi ṣọ́. Nígbà tó di ọdún 1972, Odyssey, ẹ̀rọ géèmù inú ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráyé, èyí tó jáde látinú iṣẹ́ Ralph Baer, ní ìbọn gígùn tirẹ̀. Ìbọn yẹn ríran, ṣùgbọ́n kò gbọ́n. Bí ọmọdé bá kọjú rẹ̀ sí gílóòbù tó ń tàn lókè àjà, á ní òun ti pa ẹran.

Japan ni iṣẹ́ náà ti wá fìdí múlẹ̀. Láti ọdún 1958 ni òfin ilẹ̀ ibẹ̀ ti le koko lórí ẹni tó lè ní ìbọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ni ìbọn eré ti gbilẹ̀. Masayuki Uemura ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Sharp nígbà náà, ó ń ta sẹ́ẹ̀lì sólà kiri. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Nintendo, Gunpei Yokoi tó ń ṣe nǹkan ìṣeré níbẹ̀ rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó bá ti lè mọ ìmọ́lẹ̀ lè di ẹran tí wọ́n ń yìnbọn sí. Ní ọdún 1970, ìbọn ìṣeré oníná tí wọ́n jọ ṣe dé ọjà. Ní ọdún 1973, Nintendo sọ àwọn gbọ̀ngàn bówlìn tí wọ́n ti pa tì di ibi ìyìnbọn oníná. Òwò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni epo rọ̀bì gbówó lórí jákèjádò ayé níparí ọdún yẹn, àwọn oníbàárà sì sá padà. Uemura kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣá. Ó ti darapọ̀ mọ́ Nintendo, òun ló sì ṣáájú àwọn tó ṣe Famicom, ẹ̀rọ géèmù ọdún 1983 tí Duck Hunt jáde lé lórí.

Ohun tó wà nínú ìbọn Duck Hunt kéré débi pé ó yani lẹ́nu. Lẹ́yìn ẹnu ìbọn, lẹ́ńsì kan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́ńsì, ojú kékeré kan tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, bọ́ọ̀dù tín-tìn-tín kan, àti wáyà tó ń lọ sí ara ẹ̀rọ. Kò sí ohunkóhun tó ń jáde lẹ́nu ìbọn náà. Bí oníbọn bá ti fà á, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn fún àwòrán ẹyọ kan, ìyẹn ìdá kan nínú ìdá 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ní àwòrán tó tẹ̀ lé e, àpótí funfun kan á yọ ní ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà gan-an. Bí ìbọn bá kọ́kọ́ rí òkùnkùn tó sì wá rí ìmọ́lẹ̀, ẹran ti kú. Bó bá jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ méjì ló ń fò, àpótí ti àkọ́kọ́ á yọ, ti èkejì á tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ á sì fi àsìkò mọ èyí tí ọwọ́ bà. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí ojú èèyàn tó ṣẹ́. Ohun tí ẹni tó ń ta géèmù ń rí kò ju pé tẹlifíṣọ̀n kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan lọ.

Òkùnkùn àkọ́kọ́ yẹn ló tú àṣírí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí àwọn ọmọdé ti ń lò fún Odyssey. Gílóòbù tó ń tàn láìdáwọ́ dúró kò lè ṣókùnkùn nígbà tí géèmù bá ní kó ṣókùnkùn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì tún fi kún un: bọ́ọ̀dù inú ìbọn náà kì í gba ìmọ́lẹ̀ gbọ́ àfi èyí tó bá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 15,700 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun kan ṣoṣo tó sì ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá.

Ìdí tó fi ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ wà ní ọrùn túùbù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde lọ bá gíláàsì iwájú, tí ẹfun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì náà á sì tàn níbi tó bá ti bà á. Wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ ọrùn túùbù ló ń darí rẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè láti orí dé ìdí oko ló ṣe ń fa ìlà, láti òsì lọ sọ́tùn-ún, kó tó bọ́ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀; bí ìlà ṣe ń tẹ̀ lé ìlà ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ní Japan àti Amẹ́ríkà, ìlà 525 ló ń di àwòrán kan. Lórí ètò PAL tí Nàìjíríà ń lò, ìlà 625 ni. Kò sí ìgbà kan tí gbogbo àwòrán ń tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú èèyàn ló ń so ó pọ̀.

Àwọn tó dé lẹ́yìn tilẹ̀ mú ọgbọ́n yìí jìnnà sí i. Nígbà tí iléeṣẹ́ Namco gbé géèmù Time Crisis wá sórí ẹ̀rọ PlayStation ní ọdún 1997, ìbọn tó bá a wá ní wáyà méjì, ọ̀kan lọ sára ẹ̀rọ, ìkejì sì bá wáyà àwòrán tó ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n pàdé. Láti inú wáyà kejì yìí ni ìbọn ti ń mọ àkókò tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá wá kọjá níwájú ẹnu ìbọn, ẹ̀rọ á ṣírò iye ìlà tó ti kọjá àti ibi tí ó dé lórí ìlà náà, á sì mọ ojú ibi tí oníbọn nà án sí. Ìlà kan kò lò tó ìdá kan nínú ìdá 15,000 ìṣẹ́jú àáyá. Nǹkan ìṣeré ọmọdé ló ń ṣe ìṣirò yẹn, lórí tẹlifíṣọ̀n lásán.

Ní àwọn ilé géèmù ìta, tí wọ́n ti ń fi owó ẹyọ ṣeré, ìdíje gbóná. Operation Wolf ti iléeṣẹ́ Taito dé ní ọdún 1987. Ní ọdún 1992, Konami lo fọ́tò èèyàn gidi nínú Lethal Enforcers. Ọdún 1994 ni Virtua Cop ti Sega sọ ọ̀tá di ère tó ní iwájú àti ẹ̀yìn, tí ibi tí ìbọn bá bà á sì ń sọ bó ṣe máa ṣubú. Namco fi ẹsẹ̀ kún ti ọwọ́: bí ẹni tó ń ta Time Crisis bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ó ti fara pamọ́ nìyẹn. Òòfà oníná tó wà nínú ìbọn náà ń fa irin sẹ́yìn nígbàkigbà tí wọ́n bá yìn ín, ọwọ́ oníbọn á sì máa gbọ̀n rìrì.

Àmọ́ gbogbo ìbọn ilé géèmù kọ́ ló ń ríran. Ti Terminator 2, tí Midway ṣe ní ọdún 1991, wọ́n dè é mọ́ ara àpótí ni, ohun tí ẹ̀rọ sì ń wò ni bí wọ́n ṣe yí i sọ́tùn-ún tàbí sókè. Irú èyí lè bá tẹlifíṣọ̀n èyíkéyìí ṣe. Èyí tó ń ríran ló wà nínú ewu.

Ẹ̀sùn kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, Sẹ́nétọ̀ Joseph Lieberman gbé ìbọn géèmù Konami sókè kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n ń tà fún ọmọdé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn oníléeṣẹ́ géèmù dá àjọ ESRB sílẹ̀, tó ń kọ iye ọdún ọmọ tó yẹ sára páálí géèmù. Òfin ilẹ̀ náà ti kọ́kọ́ ní kí ìbọn ìṣeré ní àwọ̀ tí yóò yà á sọ́tọ̀ sí ìbọn gidi, ìbọn Nintendo náà sì kúrò ní àwọ̀ eérú, ó di olómi ọsàn. Ó tọ́ kí òbí bẹ̀rù, pàápàá ní ilẹ̀ tí ìbọn gidi ti ń sọ ilé di ahoro. Kí òbí yan géèmù tó yẹ ọmọ rẹ̀, kí ìbọn eré má sì jọ ìbọn ogun. Ìyẹn kò ní ká sọ ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀rọ náà nù.

Àwọn kan á ní ayé ti rí ọ̀nà mìíràn, òótọ́ sì ni. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kì í fa ìlà bí ti àtijọ́, ó sì máa ń gbé àwòrán yẹ̀ wò fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e síta. Nígbà tí àpótí funfun Duck Hunt bá fi máa yọ, ìbọn ti dẹ́kun wíwò. Nítorí náà ni Nintendo Wii ti ọdún 2006 fi fi kámẹ́rà sínú ohun ọwọ́ rẹ̀, tó ń wo iná méjì tí ojú èèyàn kò rí. Iná yẹn rọrùn débi pé àbẹ́là méjì lè dípò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andy Sinden ṣe ìbọn tó ń fi kámẹ́rà wo ìlà funfun tí wọ́n fi yí àwòrán ká, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ wọn yẹ fún ìyìn. Síbẹ̀, ìbọn tuntun ni wọ́n ṣe, kì í ṣe ti àtijọ́ ni wọ́n gbà là. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Uemura àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ronú gbọ́dọ̀ rí ìbọn wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n fara wé Famicom wọ Nàìjíríà láti Éṣíà, ìbọn sì ń bá a wá nínú páálí. Èkó sì ṣì ní àwọn tó mọ tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá dé inú egungun: àwọn tó ń pààrọ̀ flyback, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára iná túùbù ga, tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì so ojú bọ́ọ̀dù tó sán, tí wọ́n sì mọ̀ pé iná tó ju 20,000 fólítì lọ lè wà nínú túùbù náà, kódà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fi bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí mọ́, iléeṣẹ́ ńláńlá bíi Sony sì ti jáwọ́ nínú ṣíṣe túùbù láti ọdún 2008.

Níbi tí àwọn kan ti ń tún un ṣe ni àwọn mìíràn ti ń fọ́ ọ. Ní àwọn ààtàn, wọ́n ń fi òkúta fọ́ túùbù nítorí bàbà ọrùn rẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń darí ìlà gan-an. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rí níbẹ̀, nígbà tí òjé inú gíláàsì náà ń bọ́ sínú ilẹ̀ àti omi. Ìpalára méjì ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ara èèyàn, ọ̀kan fún ìmọ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò gba owó ìjọba àpapọ̀. Kí àwọn pólì tó ní ẹ̀ka ẹ̀rọ mànàmáná gba tẹlifíṣọ̀n mélòó kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ géèmù àti ìbọn rẹ̀, kí wọ́n fi máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ìmọ́lẹ̀, àkókò àti iná mànàmáná ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fojú ara rẹ̀ rí àpótí funfun yẹn lórí ẹ̀rọ tó ń wọn iná kò ní í tètè gbàgbé. Kí wọ́n sanwó fún àwọn àgbà oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti wá kọ́ni, kí wọ́n sì ká a sílẹ̀ lórí fídíò ní èdè Yorùbá, títí kan bí wọ́n ṣe ń tú iná inú túùbù dànù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣètò ibi tí ará ìlú lè gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lọ, kí oníṣẹ́ ya èyí tó ṣì lè tàn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kó ìyókù lọ síbi tí wọ́n ti ń tú u palẹ̀ láìfi òjé ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá sì ní ọ̀kan nínú yàrá ẹrù, kó kọ́kọ́ pe oníṣẹ́ kó wá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fà á lé akólẹ̀ lọ́wọ́.