Lẹ́tà Kò Gbọ́dọ̀ Dúró De Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Bí ọmọ ọdún mẹ́ta kò bá lè sọ̀rọ̀, yálà ibà pọ́njú ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ní jòjòló ni o, tàbí kò tètè mí nígbà tí wọ́n bí i, ohun tí àwọn àgbà sábà máa ń wí ni pé kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná, ìwé á tẹ̀ lé e. Ètò bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irú ọmọ yìí gan-an ni lẹ́tà wúlò fún jù. Àwòrán oúnjẹ àti omi tí wọ́n ń tẹ́ síwájú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò lè tipasẹ̀ wọn sọ ju ohun tí ẹni tó yà wọ́n rò lọ. Ọmọ tó bá mọ lẹ́tà 25 tí Yorùbá ń lò lè sọ pé òun kò fẹ́ kí àǹtí kan máa wẹ òun.

Christopher Nolan, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n bí ní 1965, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè lo ọwọ́. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní lẹ́tà nílé. Ọ̀pá tí wọ́n so mọ́ iwájú orí rẹ̀ ló fi ń tẹ ìwé. Ewì rẹ̀ jáde ní 1981, ìtàn ayé rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn ìwé Whitbread ti 1987. Wọ́n á ní gbogbo ọmọ kọ́ ni Nolan. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń bi ọmọ tó lẹ́nu bóyá yóò di òǹkọ̀wé kó tó fún un ní ìwé a-bí-dí?

Ìbẹ̀rù àwọn òbí kan ni pé ọmọ tó bá ti rí páálí lẹ́tà tó lè nàka sí kò ní gbìyànjú ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn olùwádìí Millar, Light àti Schlosser yẹ àwọn ìwádìí lórí irú ìrànlọ́wọ́ yìí wò ní 2006: nínú ènìyàn 27 tí ẹ̀rí tiwọn múná jù, kò sí ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù; èyí tó pọ̀ jù ló tilẹ̀ lé sí i, bó tiẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ti owó ńkọ́? Páálí kan tó: ìlà márùn-ún, lẹ́tà márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá á máa nàka sí ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á gbójú sókè nígbà tó bá kan èyí tó fẹ́, wọ́n á wá lọ sórí lẹ́tà. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Àmì ohùn lè dúró ná. Ọ̀nà yìí ń falẹ̀, kò sì yẹ kí ìyá fi ìkánjú parí ọ̀rọ̀ fún un. Ìṣòro tó nira ni ti tíṣà tó ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ nínú yàrá kan. Òun nìkan kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní January 2019 ti fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà gbèsè olùrànlọ́wọ́ tíṣà wà lọ́rùn ìjọba, kì í ṣe lọ́rùn ọmọ.