Ta Ló Jẹ Èèyàn Mílíọ̀nù 8 Ní Èkó?

Ẹ̀yin ará, nígbà tí wọ́n ka orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù kẹta ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn sọ pé mílíọ̀nù 9 àti díẹ̀ ni wá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti pé Kánò pọ̀ jù wá lọ. Ìjọba Èkó gbé tirẹ̀ jáde: mílíọ̀nù 17 ààbọ̀. Ṣé abẹ́ ibùsùn ni mílíọ̀nù 8 sá pamọ́ sí ni?

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo mọ bí iye orí ìwé ṣe ń di owó. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó ní Àbújá.

Ṣùgbọ́n Àbújá nìkan kọ́ ni mo ń bá wí. Ẹ wọ Múṣin tàbí Ajégúnlẹ̀, kí ẹ wo ilé tí yàrá kọjú sí yàrá: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin nínú yàrá kan, ilé ìwẹ̀ kan fún gbogbo ayálégbé. Láti ìgbà tí Jákàńdè ti kúrò ní 1983, ilé mélòó ni wọ́n kọ́ tí agbára irú bàbá yẹn ká? Ní Ọ̀tọ̀dó Gbàmẹ̀, láàárín 2016 sí 2017, wíwó ni wọ́n wó ilé àwọn tálákà. Bí wọ́n bá ń wá owó, a pọ̀. Bí a bá ń wá ilé, a ò sí níbẹ̀.

Ní 2023 wọ́n tún sún ìkànìyàn síwájú. Ọmọ tí a bí ní 2006 ti tó dìbò! Lọ́jọ́ tí olùkànìyàn bá kanlẹ̀kùn, ẹ ka gbogbo ẹni tó ń sùn lọ́dọ̀ yín, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ (mo mọ àwọn tó máa ń gbàgbé rẹ̀).