Ta Ló Ní Àmútọ̀runwá Ń Jẹ́ middle_name?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ní sáà tó kọjá, a lọ gba orúkọ àwọn àgbà sílẹ̀ ní Mushin àti Surulere: àbísọ, àmútọ̀runwá, oríkì. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ kóòdù ní Yaba bá wa fi Java tọ́jú wọn. Nígbà tí a ṣí àtẹ, oríkì nìkan ló ní òpó tirẹ̀, nítorí kíláàsì òbí kò ní irú rẹ̀. Àìná, Òjó àti Kẹ́hìndé wà lábẹ́ òpó tó ń jẹ́ middle_name. A ní kí ó yí i padà. Ó ní, "Ara kíláàsì òbí ló ti jogún un, kò ṣeé yí."

Irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ ìkà, irọ́ ọ̀lẹ ni. JPA, ìlànà tí Hibernate ń tẹ̀ lé, ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn láti ọdún 2006:

@AttributeOverride(name = "middleName", column = @Column(name = "amutorunwa"))

Ẹ kọ ọ́ sórí kíláàsì ọmọ. Bí àtẹ bá ti wà nílẹ̀, ẹ yí orúkọ òpó náà padà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kíláàsì òbí, tí @MappedSuperclass wà lórí rẹ̀, kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ṣì ń lo middle_name tiwọn.

Àwọn kan á ní, "Nínú kóòdù, middleName náà ló ṣì ń jẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka kóòdù? Àtẹ ni àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ Yorùbá yóò ṣí. Bí wọ́n bá rí Àìná lábẹ́ middle_name, wọ́n á rò pé orúkọ àárín lásán ni. Ta ni yóò sọ fún wọn pé ọmọ tó gbé ibi kọ́rùn wáyé ni?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó kọ kíláàsì òbí kò mọ ilé wa, a ò bá a wí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì dákẹ́ ló jẹ̀bi. Àwa náà sì wà níbẹ̀: a kó orúkọ àwọn àgbà lé ọ̀rẹ́ wa lọ́wọ́, a ò bi í léèrè ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kóòdù kan fún yín, ẹ kọ́kọ́ fún un ní orúkọ àwọn òpó. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Bí a kò bá sọ wọ́n lórúkọ, ẹlòmíràn á bá wa sọ wọ́n.