Yẹ̀pẹ̀ Rapa Nui àti Iyè Màmá

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìyá àgbà rẹ̀ ti ń béèrè ọkọ tó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bu iyọ̀ sí ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo.

“Ẹ̀gbọ́n, mo rí oògùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rapamycin lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ń dá iyè arúgbó padà. Ṣé kí n rà á fún Màmá?”

Àwọn baba wa ní oògùn ìsọ̀yè. Ewé àti egbò ni wọ́n ń wá lọ. Inú yẹ̀pẹ̀ ni èyí ti wá. Ní ìparí ọdún 1964, àwọn onímọ̀ láti Kánádà wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Rapa Nui, erékùṣù àdádó kan láàrin agbami Pàsífíìkì, lábẹ́ ìjọba Chile. Wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ bọ̀. Ní ọdún 1972, Suren Sehgal, ọmọ bíbí ilẹ̀ Íńdíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ apòògùn kan ní Montreal yọ èròjà kan jáde lára bakitéríà inú yẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n sì fi orúkọ erékùṣù náà sọ ọ́. Àwọn àrùn tó bá làpálàpá tan ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi wò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti ẹ̀ka Montreal pa, Sehgal kó díẹ̀ lọ sínú fìríìsà ilé rẹ̀. Bí iná mànàmáná ibẹ̀ bá rí bíi tiwa ni, ìtàn náà ìbá ti parí síbẹ̀. Ní ọdún 1999, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí ara wọn má baà kọ àlejò náà.

Báwo ló ṣe wá kan iyè? Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tó ń pàṣẹ pé kó máa dàgbà. Rapamycin a máa dẹ àṣẹ yìí. Bó bá sì ti dẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a gbá ìdọ̀tí inú ara rẹ̀. Nínú àìsàn Alzheimer, irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ló ń kórajọ sínú ọpọlọ. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn eku tí wọ́n sìn lọ́nà tí irú àìsàn náà yóò fi mú wọn ní oògùn yìí. Ìdọ̀tí ọpọlọ wọn dín kù, wọ́n sì tún rántí ibi tí pèpéle tí wọ́n fi pamọ́ sínú omi wà.

Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe Màmá. A kò tíì fi hàn pé ó dá iyè ènìyàn kankan padà. Agbára tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín yẹn náà ló ń sọ ara di aláìlágbára níwájú àrùn. Ó tún lè dá egbò sí ẹnu, kó sì mú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Mo ní kó má rà á.

Mo ní kó gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn, nítorí àìtó fítámì B12, ìbànújẹ́ ọkàn, àní oògùn oorun mìíràn pàápàá, lè fa ìgbàgbé tó ṣeé wò. Mo tún béèrè bóyá ará ilé ti ń pè é ní àjẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́rú ni wọn yóò lọ rí dókítà. Mo ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà bá wọn lọ.